Àṣàkẹ́, Ẹ̀yin Mélòó Ni?

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara wa le, a dúpẹ́. Wọ́n ti kan páànù ẹ̀yìnkùlé. Iná ò tíì dé. Àpò ọ̀dùnkún tí mo fi rán dírẹ́bà sí ọ, o ò sọ bóyá ó dé tàbí kò dé. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, o ò gbé e. Àfi bí ọmọ ìyá aláta ṣe délé tó ní òun rí ọ n'Ílọrin, pé ìwọ lo ṣáájú àwọn obìnrin ọjà tó gbé páálí dání nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ṣé lẹ́nu aráàta ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?

Mi ò ní kí o má ṣe é. Ka ibí yìí kó o tó bínú ká ìwé náà. Ohun kan ni mo ń bi ọ́: ẹ̀yin mélòó ni? Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n mú ìwọ nìkan, ta ni yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan sí ẹnì kan ni ìjàkadì. Èyí kì í ṣe ìjàkadì.

Ṣó o mọ̀ pé àbúrò ìyá mi tó lọ́kọ sí Ìkìrun dìbò ní 1959, tí ìyá mi ò sì dì níbí? Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkìrun, àwa àti Ilorin wà lábẹ́ Àríwá, ó sì di 1976 kí wọ́n tó fún obìnrin Àríwá lẹ́tọ̀ọ́ ìbò. Gambo Sawaba ará Zaria ti ń jà fún un láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ló lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1979 tí èmi náà wá dìbò, ẹni tí bàbá rẹ ní kí n tẹ̀ka fún ni mo tẹ̀ka fún. Kí n má purọ́ fún ọ.

Orin ni ẹ̀yin ọmọ ìwòyí rántí nípa ìjà owó orí tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jà. Orin nìkan kọ́ ló ṣe é. Funmilayo Ransome-Kuti kọ́kọ́ kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní kíkọ àti kíkà. Ní 1946 wọ́n di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n ní àwọn tó 20,000. Wọ́n gba oníṣirò owó kó bá wọn yẹ ìwé owó aláṣẹ ìbílẹ̀ wò, kí ohun tí wọ́n ń sọ lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló ń bá òyìnbó aláṣẹ sọ, kí ìyá ẹlẹ́pa tó dúró lẹ́yìn lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìjọba ò fún wọn níwèé àṣẹ láti wọ́de? Wọ́n ní píkíníìkì làwọn ń lọ! Ó tún kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń he agolo tajútajú, tó sì ń jù ú padà. Ní January 1949 Aláké fi ìlú sílẹ̀, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Àmọ́ ní December 1950 ó padà wálé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn ti pa tíkẹ́ẹ̀tì kejì rẹ́, ẹ máa ṣọ́ wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. Lẹ méjèèjì tọjọ́ kan náà mọ́ ìwé, kọ ọjọ́, iye, àti ẹni tó gbà á. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìwé ìfọwọ́sí kò gbọdọ̀ wà lápò ẹnì kan, kí wọ́n má lọ já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní New Zealand, nígbà tí wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìbò fún obìnrin, ńṣe ni Kate Sheppard àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ìwé ìfọwọ́sí káàkiri. Nígbà tó padà dé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n ká a mọ́ igi ìgbálẹ̀. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ lọ ní 1891 àti 1892, kò ṣiṣẹ́. Ti 1893 tó nǹkan bí 32,000 orúkọ, ìyẹn ló sì ṣiṣẹ́. Ìyá tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ̀ka, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ṣé o ń jẹun? O rù nínú fọ́tò tó kẹ́yìn yẹn.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ ṣe bí àwọn obìnrin South Africa ní August 9, 1956. Wọ́n ti fòfin de ìwọ́de ní Pretoria, ni wọ́n bá ń rìn ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, títí 20,000 fi pé síwájú ilé ìjọba. Olórí ìjọba ò sí níbẹ̀. Wọ́n kó ìwé ìfọwọ́sí wọn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́kẹ́ pa. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n ń bá jà, èyí tí ìjọba ní kí aláwọ̀ dúdú máa gbé kiri, 1986 ni wọ́n tó fagi lé e. Kó o mọ̀ pé ó lè pẹ́.

Bí àfáà kan bá fẹ́ fi ẹ̀sìn dí ọ lẹ́nu, bi í bóyá ó gbọ́ nípa Nana Asma'u, ọmọ Usman dan Fodio, tó ń rán àwọn obìnrin lọ kọ́ obìnrin ẹgbẹ́ wọn láti ìlú dé ìlú.

Mo tún padà síbi tó ń dùn mí. Ní 1929, Nwanyeruwa ní Oloko, nílẹ̀ Ìgbò, kọ̀ kí wọ́n ka òun àti ẹran òun nítorí owó orí, ọ̀rọ̀ náà tàn láti ọjà dé ọjà. Àwọn obìnrin náà rò pé sójà ò ní yìnbọn fún obìnrin. Wọ́n yìn ín. Àwọn tó kú lé ní 50. Àṣàkẹ́, ẹ̀yin mélòó ni? Ta ló ní nọ́ńbà lọ́yà lọ́wọ́? Ta ló kù sílé láti pè mí?

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, wọ́n gbé ìwé kan wá nípa owó àwa obìnrin, pé ká fọwọ́ sí i. Mo ní n ó bi bàbá rẹ ná. Ọ̀rẹ́ mi tó gbé e wá ni wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn. Èmi dúró síbi iṣẹ́ mi, mo ń kọ́ ọmọ nípa àwọn ọba tó jagun. Orí kunkun rẹ yìí, mi ò mọ ibi tó o ti jogún rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Dírẹ́bà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Fi ojú ìwé ìfọwọ́sí kan rán an sí mi, kó má kún tán. Mò ń ta adìẹ lọ́jà bí mo bá wá Ilorin, mo ń san tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Fi ìlà kan sílẹ̀ fún mi.

Ìyá rẹ.