Akbar Gbàjàbíàmílà kò kùnà nínú bọ́ọ̀lù

Sí Olóòtú,

Inú bí mi gidigidi sí ohun tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá wa kan tún ń sọ kiri lọ́sẹ̀ yìí nípa Akbar Gbàjàbíàmílà. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló já a kulẹ̀ tó fi sá lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rí wo ni wọ́n rí? Pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ṣe draft lọ́dún 2003, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí draft kò mú kì í ṣe ẹni tó kùnà!

Ìpele méje ni draft, ẹgbẹ́ 32 ló ń yan èèyàn níbẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n sì ń mú kò ju nǹkan bí 260 lọ. Bí ìpele keje bá ti parí ni fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún fún àwọn tó kù. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí àwọn onírédíò wa kì í sọ: ẹni tí wọ́n mú kò lè yan ẹgbẹ́, àmọ́ ẹni tí wọn kò mú lè yàn bí ẹgbẹ́ méjì bá pè é. Ó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí iye àwọn tó wà ní ipò tirẹ̀ níbẹ̀, àti ìgbà tí àdéhùn wọn máa parí. Ẹni tó bá torí owó ìfọwọ́síwèé lọ síbi tí ipò rẹ̀ ti kún, ilé ni yóò padà sí nígbà tí wọ́n bá ń gé orúkọ. Àdéhùn ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń fún un, ṣùgbọ́n owó gidi kì í wọlé àfi tó bá ṣẹ́ kù sí ẹgbẹ́ nígbà tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 90 ló ń wọ àgọ́ ìgbaradì lóde òní. 53 ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ìràwọ̀ kì í fẹ́ ṣe ni irú wọn fi ń rí àyè: kí wọ́n sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá jìnnà, kí wọ́n sì gbé ẹni tó mú un ṣánlẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni Akbar gbà. Ó kúrò ní yunifásítì San Diego State, ó wọ ẹgbẹ́ Raiders láìsí draft, ó lọ sí Chargers, ó tún dé Dolphins. Wọ́n ń fi í wé Kabeer ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹgbẹ́ Packers mú ní ìpele karùn-ún lọ́dún 2000, tí àkọsílẹ̀ sack rẹ̀, ìyẹn gbígbé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ kó tó jù ú, sì jẹ́ 74.5. Ta ló ní kí gbogbo ọmọ ìyá dọ́gba?

Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà ńkọ́? Ó ti ṣàlàyé bọ́ọ̀lù rí lórí NFL Network, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n NFL. Láti 2013 ni òun àti Matt Iseman ti jọ ń ṣe atọ́kùn American Ninja Warrior, ìdíje tí èèyàn ti ń la oríṣiríṣi ìdènà kọjá, lórí tẹlifíṣọ̀n NBC. Níbẹ̀, ẹnì kan á sáré gun ògiri tó tẹ̀, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ; tó bá dín eré kù nísàlẹ̀, tàbí tó tètè fara sẹ́yìn, á yọ̀ wálẹ̀. Kíá ni atọ́kùn gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ. Mo tún un sọ: ẹni tí draft kò mú kò kùnà. Efe Obada tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, draft kò mú òun náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Panthers nínú NFL.

Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá wa ló bà mí nínú jẹ́ jù. Alẹ́ draft nìkan ni wọ́n ń rántí àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè bá wọn ya fọ́tò. Níbi tí wọ́n ti ń dán àwọn ọ̀dọ́ wò nílé, aago ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Aago ọwọ́ ń purọ́: ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í tètè rí i pé ọmọ ti gbéra, ọmọ á wá dà bí ẹni tó yára ju bó ṣe yára lọ. Bó bá dé iwájú ẹ̀rọ lókè òkun, àṣírí á tú. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fi iná ka àkókò. Kí wọ́n fi tépù wọn yáàdì 40, ìyẹn mítà 36.58, kí wọ́n sì ka àkókò ní yáàdì 10 àti 20 pẹ̀lú, nítorí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ ń wò fún ẹni tó ń ṣe irú ipò Akbar, ìyẹn ẹni tó ń lé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Kí irin tí wọ́n máa gbé jẹ́ kílò 102, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá wà nílẹ̀. Kí wọ́n wọn gíga, ìwọ̀n ara, gígùn apá àti fífò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà èsì tirẹ̀ lọ sílé, pẹ̀lú fídíò tí wọn kò gé.

Kí ẹnì kan tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka àdéhùn.

Ní tiyín, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé orúkọ tán lọ́dọọdún, ẹ máa tẹ orúkọ gbogbo ọmọ wa tó ṣẹ́ kù jáde, ì báà jẹ́ draft ló mú wọn tàbí kò mú wọn.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta