Ẹ wo ọdún ìwé kí ẹ tó sanwó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìwé la bá wá, àwọn ìwé tó ń ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe di ènìyàn, bí egungun àti ẹ̀yà ara ṣe tò, àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń wú jáde nínú ilẹ̀. Wọ́n pọ̀ lórí tábìlì àwọn oníwèé etí títì ní Yábàá, ní Ojúẹlẹ́gba àti ní àgbègbè CMS. Òbí ń rà wọ́n fún ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ ń rà wọ́n, àwọn tó fẹ́ fi jiyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí náà ń rà wọ́n. "Èló ni?" ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń béèrè. "Ọdún wo ni?" ló yẹ kó ṣáájú.

Ìwé ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ ní 1985 ṣì lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn, ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ ṣáájú 2010 á sọ fún yín pé àwọn Neanderthal tó gbé Yúróòpù láyé òtútù ńlá kò fi ẹ̀jẹ̀ kankan sílẹ̀ lára wa. Ní 2010, wọ́n ka DNA (àkọsílẹ̀ àbùdá ìran) inú egungun wọn, wọ́n sì rí i pé ìdá 1 sí 4 nínú 100 lára àwọn tí ìran wọn kì í ṣe ti Áfíríkà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Èyí tí wọ́n kọ láàárín 2005 sí 2017 á ní egungun tí wọ́n rí níbi tó ń jẹ́ Omo ní Ethiópíà, ẹni 195,000 ọdún, ni àgbà gbogbo ènìyàn irú tiwa. Ní 2017 ni wọ́n kéde ti Jebel Irhoud ní Mòrókò, tó tó nǹkan bí 300,000. Nígbà tó di 2022, wọ́n tún eérú òkè ayọnáyèéfín tó bo ti Omo wò, ọjọ́ orí òun náà gòkè dé nǹkan bí 230,000.

Ti àwọn ènìyàn kúkúrú erékùṣù Flores ní Indonéṣíà ló dùn jù láti fi kọ́gbọ́n. Ní 2004, ìròyìn gba ayé kan pé wọ́n ṣì wà láàyè ní 18,000 ọdún sẹ́yìn. Ní 2016, àwọn tó tún ihò náà gbẹ́ rí i pé àgbàrá ti gbá apá kan ilẹ̀ àtijọ́ lọ, ilẹ̀ tuntun sì ti wá dí ojú rẹ̀. Inú ilẹ̀ tuntun yìí ni èédú tí wọ́n wọ̀n ti wá, kì í ṣe inú ilẹ̀ tí egungun wà. Ọjọ́ orí egungun wá di 60,000 sí 100,000. Ìwé tí wọ́n kọ láàárín ọdún méjìlá yẹn kò parọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má kà á fún ọmọ bí ẹni ń ka òfin.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ọdún náà? Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé, níbi tí àmì C inú òbìrìkítí wà. Ọdún tó tẹ̀lé àmì yẹn ni ọdún ọ̀rọ̀ inú ìwé. Bí ọdún bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó kẹ́yìn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n tún un kọ. Nísàlẹ̀, ẹ lè rí òǹkà tó tò báyìí: 10 9 8 7 6 5 4. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ohun mìíràn tó ń sọ. Oníwèé á nàka sí "2019" fún yín, bẹ́ẹ̀ 1991 ni òǹkọ̀wé gbé bírò sílẹ̀. Àtúntẹ̀ kì í ṣe àtúnkọ. Ìwé tó ti dàgbà ju 1953 lọ, irú èyí tí wọ́n ń kó jáde láti ilé àwọn àgbà tó ti lọ, tilẹ̀ lè ní "ènìyàn Piltdown" nínú. Agbárí ènìyàn lásán ni wọ́n so mọ́ àgbọ̀n ìnàkí orangutan ní 1912, wọ́n fi fáìlì irin fá eyín rẹ̀, wọ́n sì pa á láró kó lè jọ ohun àtijọ́. Odidi ogójì ọdún ó lé kan ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún, atọ́ka ẹ̀yìn ìwé ló kàn. Ẹ lọ sí lẹ́tà Y, kí ẹ wá "Yoruba". A kò fi èyí ṣe fáàrí. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ya àwòrán DNA aráyé, ọgbọ̀n ìdílé Yorùbá ní Ìbàdàn, baba, ìyá àti ọmọ, àádọ́rùn-ún ènìyàn lápapọ̀, wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2010 tí wọ́n fi DNA Neanderthal wé ti ènìyàn òde òní, márùn-ún péré ni wọ́n fi wé e, Yorùbá kan sì wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, ó ṣòro kí ènìyàn kọ orí kan tó jinlẹ̀ lórí DNA ìpilẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn kó má dárúkọ wa. Bí ìwé bá sọ pé òun jẹ́ ti 2015 sókè, tí Yorùbá kò sì sí nínú atọ́ka rẹ̀, ẹ fura sí orí tó sọ nípa DNA.

Èyí tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn 2020 yẹ kó tún ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, ọmọ Áfíríkà náà ní Neanderthal díẹ̀ lára, nǹkan bí 0.3 nínú 100, púpọ̀ níbẹ̀ sì wá láti ọwọ́ àwọn tó jáde lọ tí ìran wọn tún padà wálé. Èkejì, ìwádìí kan fojú bù ú pé ìdá 2 sí 19 nínú 100 DNA àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí egungun wọn wá. Láti 2 dé 19 jìnnà síra, àbí? Ohun tó fà á ni pé kò sí egungun tí wọ́n lè ka DNA rẹ̀ fi wé e. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń ba DNA jẹ́, kíkan ilẹ̀ sì ń jẹ egungun fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí agbárí kan láti ìtòsí Ìṣàrùn, lẹ́bàá Àkúrẹ́, fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ló darí iṣẹ́ tó wú u jáde nínú ihò àpáta ní 1965. Kò tíì sí egungun ènìyàn mìíràn tó dàgbà jù ú lọ tí wọ́n rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbárí náà gùn, ó sì fẹjú lórí bí ẹni tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó jọ ti àwọn ènìyàn tó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ ẹni ìgbà ìkẹyìn ni. Ẹ wá a nínú atọ́ka sí "Iwo Eleru". Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ló ṣi orúkọ náà kọ: Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn òde òní ti ń tún un kọ bó ṣe yẹ. A bẹ ìwé ìròyìn yín náà, tí ẹ bá ń túmọ̀ ìròyìn láti òkèèrè, ẹ má da "Iwo" yẹn padà sí ojú wa.

Ìwé kan á sọ pé ẹni Ihò Eléérú ti pé 11,200 ọdún, òmíràn á ní nǹkan bí 13,000. Kò sí èké níbẹ̀. Iye tí ẹ̀rọ ka láti inú èédú ni ti àkọ́kọ́. Nítorí pé kábọ́ọ̀nù-14, irú kábọ́ọ̀nù tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, kì í dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, wọ́n máa ń fi òrùka inú igi àtijọ́ tún ìṣirò náà ṣe, òun ló fi di 13,000. Bí ẹ bá rí "BP" lẹ́yìn òǹkà, "ṣáájú ìsinsìnyí" ló túmọ̀ sí, 1950 sì ni "ìsinsìnyí" wọn.

A kò lè fi kábọ́ọ̀nù-14 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń tan òǹkàwé jù. Ohun tó ti wà láàyè rí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún: igi, èédú, egungun, ìkarahun. Láti ọjọ́ tí ohun náà bá ti kú, ìdajì kábọ́ọ̀nù-14 inú rẹ̀ á lọ láàárín 5,730 ọdún, ìdajì èyí tó kù á tún lọ ní 5,730 mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi di 50,000 ọdún, èyí tó kù kò tó ìdá kan nínú 400. Níbẹ̀, ìdọ̀tí kékeré tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí kábọ́ọ̀nù tuntun bá dà mọ́ ọn ní ìdá kan péré nínú 100, ohun tó jẹ́ 50,000 á jáde bíi 36,000. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ lásán kì í fi í kan èédú nídìí kòtò: ṣọ́bìrì kékeré ni wọ́n fi ń bù ú, wọ́n á ṣa gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì wé e sínú fóìlì. Wọn kì í fi òwú tàbí bébà dì í, ẹnikẹ́ni kì í sì í mu sìgá nítòsí. Lucy, egungun ìbátan wa àtijọ́ tí wọ́n rí ní Ethiópíà ní 1974, ti pé mílíọ̀nù 3.2 ọdún. Gáàsì argon inú eérú òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé tó bá ní kábọ́ọ̀nù-14 ni, ẹ dá a padà sórí tábìlì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀bọ. "Ìwé òyìnbó ní ọ̀bọ ló bí wa." Kò sí ìwé gidi kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Nínú agboolé kan, Àlàbí àti Àkànní lè jọ ní baba ńlá kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní torí ìyẹn sọ pé Àkànní ló bí Àlàbí. Ẹni tí àwa àti ìnàkí chimpanzee jọ pè ní baba ti kú láti nǹkan bí mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀bọ tó ń ṣọ́ ìpápánu àlejò ní Lẹ́kí kò sí nínú ẹjọ́ yìí rárá, ìbátan tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí ohun tí àwọn ìwé náà ń wí nípa ìdúró ènìyàn, orí ewúrẹ́ kan láti Oyíngbò tó. Ẹ sọ fún alápatà pé kó má là á. Tí ẹ bá ti sè é tí ẹran ti kúrò, ihò kan wà níbi tí ọrùn ti já, ìka kan á wọ̀ ọ́. Ẹ gbé agbárí náà sórí tábìlì bí ewúrẹ́ ṣe ń gbé orí: ẹ̀yìn ni ihò yẹn kọjú sí. Ti ènìyàn wà ní abẹ́ agbárí, ó súnmọ́ àárín, nǹkan bí mìlímítà 35 ní gígùn àti 30 ní ìbú. Orí ewúrẹ́ so rọ̀ níwájú ọrùn, iṣan ọrùn ló sì gbé e dúró. Àwa ń ru orí bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ru igbá, tó bá ti jókòó dáadáa, ọrùn kò ní làálàá. Ti ìnàkí wà láàárín méjèèjì.

Ihò yìí ni Raymond Dart, onímọ̀ ẹ̀yà ara, rí nínú agbárí ọmọdé kan láti Taung, South Africa, ní 1924: ọpọlọ kékeré bíi ti ìnàkí, ihò nísàlẹ̀ bíi tiwa. Ó ní ẹni yìí fẹsẹ̀ méjì rìn. Wọ́n takò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Piltdown wà lára ohun tó fà á, nítorí òun ló mú kí wọ́n rò pé ọpọlọ ńlá ló ṣáájú ìrìn ẹsẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ihò inú agbárí ọmọ ìnàkí náà máa ń wà níwájú díẹ̀, bó ṣe ń dàgbà ló ń sún sẹ́yìn. Egungun àwọn àgbàlagbà irú ẹ̀dá yẹn tí wọ́n rí lẹ́yìn náà ló yanjú ọ̀rọ̀. Ìwé tó bá sọ ìtàn Dart láì mẹ́nu ba àtakò yẹn, ìdajì ìtàn ló sọ.

Ìwé egungun àti ẹ̀yà ara nìkan ni a kò ní bá yín jà lórí ọdún rẹ̀. Àgbàlagbà ní egungun 206 nígbà yẹn, 206 náà ni lónìí. Ìhà ọkùnrin kò sì dín ní ẹyọ kan, ohunkóhun tí ẹ lè ti gbọ́: méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì, lára ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tó bá kà á tí kò pé, ti àkọ́kọ́ ló fò, torí ó sá pamọ́ sábẹ́ egungun èjìká iwájú. Ẹ fi ìka wá kòtò ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ẹ rìn sísàlẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 títí ẹ ó fi kan òkìtì kékeré kan lórí egungun àyà. Ìhà tó so mọ́ ọn níbẹ̀ ni èkejì. Ẹ máa kà á lọ láti ibẹ̀.

Ohun tí ń ba irú ìwé yìí jẹ́ ni ayédèrú. Ẹ wá àwòrán ẹ̀dọ̀. Bí ara bá kọjú sí yín, apá òsì ojú-ewé ló yẹ kí ẹ̀dọ̀ wà, torí ọ̀tún ẹni inú àwòrán nìyẹn. Bó bá wà ní apá ọ̀tún, wọ́n ti yí àwòrán náà padà níbi ìtẹ̀wé, ọkàn àti ikùn náà ti ṣí nípò nìyẹn. Ẹ tún ṣí òǹkà ojú-ewé wò kíákíá. Ìdì ojú-ewé 16 tàbí 32 ni wọ́n máa ń rán pọ̀, nítorí náà bí ìdì kan bá já, odidi 16 tàbí 32 ló máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan, àárín ìwé ni kí ẹ sì ti wá a.

Àwa ni tiyín,
Olùkọ́ méjì, ọ̀kan nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara, ìkejì nínú ìwalẹ̀pìtàn,
Yábàá, Èkó