Ẹ̀sùn lórí òògùn èékánná yín àti irin tó wà nínú páálí rẹ̀

Ṣágámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́. Ìgò òògùn èékánná yín, mílílítà 10, ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù òògùn kan ní Ṣágámù níbí. Ẹ kọ ọ́ sára páálí pé ó ń wo gbogbo àrùn èékánná láàárín ọjọ́ 14, pé kí èèyàn máa fi irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ fá abẹ́ èékánná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó tó kán òògùn sí i. Irin yẹn gan-an ni mo ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Sọráyásísì, àìsàn awọ kan, ló wà léèékánná mi, kì í ṣe fọ́ngọ́ọ̀sì, ìyẹn èbu tó ń mú èékánná. Sọráyásísì kì í ràn. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ṣìnà, tí awọ ibẹ̀ fi ń hù ní wàdùwàdù. Ẹ wo àtàńpàkò tó ní in: ojú rẹ̀ á lu wóròwóró bíi pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́, àbàwọ́n bí ẹ̀kán epo pupa á wà lábẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ á ṣí kúrò lára ẹran, nǹkan bí ẹfun á sì kó síbẹ̀. Ẹfun yẹn lẹ ní ká fá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ṣe ara léṣe ni sọráyásísì tún máa ń yọ sí! Ibi tó ṣí lára tèmi kò ju mílímítà 2 lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi irin yín fá a, ó ti di 5.

Ọjọ́ 14 yẹn náà kò ṣeé ṣe. Nǹkan bíi mílímítà 3 ni èékánná ọwọ́ ń hù lóṣù. Kí tuntun tó rọ́pò èyí tó bàjẹ́ látìdí dórí, ó tó oṣù 6. Ti ẹsẹ̀ lè ju ọdún kan lọ.

Iṣẹ́ obì lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ní Rẹ́mọ. Bí obì bá ti rọ̀ nínú omi, èékánná la fi ń bó awọ funfun ara rẹ̀. Èékánná tó ti ṣí á kọ́ awọ náà, á tún ṣí sí i. Bó bá di alẹ́, tí wọ́n gbé ẹ̀bà kalẹ̀, ata ọbẹ̀ á wọ abẹ́ rẹ̀, á máa ta èèyàn dé ọrùn ọwọ́. Bọ́tìnnì ẹ̀wù pàápàá á di iṣẹ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ ni pé kí èèyàn gé èékánná kúrú, kó má fá abẹ́ rẹ̀ rárá, kó wọ ìbọ̀wọ́ òwú sínú ti rọ́bà bó bá ń fọṣọ. Ìpara stẹ́rọ́ìdì, òògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, tí dókítà bá kọ, ìdí èékánná ni kó fi pa, torí ibẹ̀ ni tuntun ti ń hù. Kó gé èékánná díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kó tó ra òògùn fọ́ngọ́ọ̀sì, nítorí méjèèjì lè wà pọ̀. Bí oríkèé ìka bá ń wú, tó ń gan láàárọ̀, kó tètè rí dókítà: àìsàn yìí máa ń wọ oríkèé.

Ẹ dá owó mi padà, ẹ yọ irin náà kúrò nínú páálí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé fọ́ngọ́ọ̀sì nìkan ni òògùn yín wà fún. Rìsíìtì, páálí àti fọ́tò àtàńpàkò mi pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAFDAC.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.