Sí Àdùkẹ́, lórí ọmọ tó ń jí mu ọmú lóru

Iléṣà

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá Ayọ̀, mo sì kí ọkọ mi kékeré tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú ba oorun nínú ilé yín. Nígbà tí o pè mí láàárọ̀ àná, mo gbọ́ ọ lóhùn pé oorun ló ń bá ọ jà, kì í ṣe pé o ń bínú sí mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fèsì nígbà tí o ní kí n má tíì gbà ọ́ nímọ̀ràn kankan. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́, kí o máa kà á díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ bá wà lẹ́nu ọmú. Ọwọ́ rẹ kan á ṣáà ṣófo nígbà náà.

Ohun tí o bi mí ni pé kí ló dé tí ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́wàá, tó ti ń jẹ ìrẹsì, tó ti ń di àga mú dìde, ṣì ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti mu ọmú. O ní nígbà tó wà lóṣù mẹ́rin gan-an, ó sàn ju báyìí lọ. Ó sàn jù lóòótọ́, nítorí ilé lo wà nígbà náà. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ọmú, ọmú ń bẹ. Báyìí, o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, o ń gbé e sí krẹ́ẹ̀ṣì kí aago méje àárọ̀ tó lù, o sì ń lọ gbé e ní aago mẹ́rin. Láàárín ìgbà yẹn, kò mu wàrà tó nǹkan. Ìwọ náà sọ fún mi pé ìyá oníkrẹ́ẹ̀ṣì máa ń dá fídà padà bó ṣe gbà á. Níbo lo wá rò pé ọmọ náà máa ti rí tirẹ̀ gbà? Bó ti wù kí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló ń bẹ lára ọmọ yẹn. O jẹ ẹ́ lówó lọ́sàn-án, ó wá lóṣòó dè ọ́ lóru. Kò sì ní dìde láìgbowó.

Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Púpọ̀ nínú ọmọ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi ọ̀sán ṣeré, wọ́n á fi òru mu ọmú. Kì í sì í ṣe pé wàrà rẹ ti di omi. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá ọkọ rẹ, bí mo ti bọ̀wọ̀ fún wọn tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fún ọmọ lọ́mú títí di ọdún méjì, kódà kó kọjá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ gidi láti oṣù mẹ́fà lọ. Ọmọ olóṣù mẹ́wàá kò tíì dé ibi tí à ń já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí pé ìyá fẹ́ sùn.

Ohun kan tún wà. Gbogbo wa la máa ń ta jí lóru, àgbà àtọmọdé. Àwa kàn máa ń yíra padà ni, a ó sì tún sùn lọ. Ọmọ tó jẹ́ pé orí ọmú ló ti máa ń sùn, bó bá ta jí tí ẹnu rẹ̀ ṣófo, á rò pé wọ́n ti gba nǹkan òun ni. Nítorí náà, ohun méjì ló ń jí Ayọ̀: ebi díẹ̀, àṣà díẹ̀. Ebi ni kí o kọ́kọ́ mójú tó.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, mú káàdì ìwọ̀n rẹ̀ jáde. Mo mọ̀ pé wàá ní nọ́ọ̀sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí ni káàdì yẹn ti gbajúmọ̀ dé gbogbo ayé. Dókítà David Morley, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild wa yìí ní ìparí àwọn ọdún 1950, ló ń wọn àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé lóṣooṣù, tó ń fi àmì sí i lórí ìwé tí ìyá fúnra rẹ̀ máa gbé lọ sílé. Ìlà tó wà lórí ìwé yẹn ni kí o wò. Bó bá ń gòkè bọ̀ láti oṣù kẹfà, ọmọ rẹ ń jẹun, jíjí òru kò pa á lára. Bó bá dúró sójú kan, tàbí tó ń wálẹ̀, má wulẹ̀ jókòó ka lẹ́tà mi tán, gbé e lọ sílé ìwòsàn. O ti gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, ti èèyi àti ti ibà pọ́njúpọ́njú? Bí o kò bá tíì gbà á fún un, lọ gbà á, wọ́n á sì tibẹ̀ wọ̀n ọ́n fún ọ.

Ó wá kan oúnjẹ ọ̀sán. O ní ògì ló ń mu láàárọ̀, ògì náà ló tún ń mu kó tó sùn. Ṣé o rántí ohun tí àwọn àgbà wí? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àìrí rárá ni ti ẹ̀kọ o, Àdùkẹ́! Ọmọ ò sì wí pé òun ò rí. Omi ló pọ̀ jù nínú ògì tí wọ́n ń pò fún ọmọdé. Ikùn á kún, kò sì ní pẹ́ tó fi gbẹ. Bí o bá pò ó tán, fi ṣíbí bù ú, kí o yí ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ṣàn dànù bí omi, o ṣì ń fún un lómi mu ni. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ṣíbí, kó máa rọra yọ̀ bọ́ ni. Kó o tún bu edé lílọ̀ sí i, tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tàbí ẹ̀wà sóyà, kí o ta epo pupa díẹ̀ sí i. Láti oṣù mẹ́fà ni iron, èròjà tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ gbé jáde látinú oyún ti ń tán lára rẹ̀, wàrà nìkan kò lè dá a padà. Ẹyin, ẹja tí o ti yọ egungun rẹ̀ kúrò, ẹ̀dọ̀ tí o fọ́ wẹ́wẹ́, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí ó jinná dáadáa: nínú ìwọ̀nyí ni kó ti máa jẹ, lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan.

Ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta sí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ìdajì ife tó gba mílílítà 250 lẹ́ẹ̀kan, ká tó wá sọ̀rọ̀ nǹkan ìpanu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí píà. Bi ìyá oníkrẹ́ẹ̀ṣì pé mélòó ni Ayọ̀ ń jẹ nínú èyí lọ́dọ̀ wọn. Béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín o, má jẹ́ kó dà bí ẹni pé o wá bá wọn jà.

Ní ti wàrà fúnra rẹ̀, fún un lọ́mú dáadáa kó tó kúrò nílé, kì í ṣe lórí ọ̀kadà. Bí o bá sì ti dé nírọ̀lẹ́, má kọjá sí ilé ìdáná. Jókòó, gbé e, kó mu tẹ́rùn. Ọbẹ̀ ò ní sá lọ. Krẹ́ẹ̀ṣì yẹn kò jìnnà sí iléèwé tí o ti ń ṣiṣẹ́, àbí? Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, láti fi fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléèwé aládàáni kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Síbẹ̀, lọ bá a jẹ́jẹ́, tọrọ ìgbà ìsinmi kan péré. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, fún wàrà rẹ sínú ike tó mọ́, kí o gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Kò ní bàjẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Má gbé e kalẹ̀ lásán nínú ooru Ifẹ̀. Bí kò bá gba fídà, kí wọ́n fi ife tàbí ṣíbí fún un. Ife rọrùn fọ̀ ju fídà lọ bákan náà.

Bí ọ̀sán bá ti dára fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìgbà náà ni kí o tó fọwọ́ kan òru. Má gbìyànjú kí o gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi ọmọ sílẹ̀ kó sunkún títí á fi rẹ̀ ẹ́. Nínú ilé tí ẹ ń gbé yẹn, kí Ayọ̀ tó ké lẹ́ẹ̀kẹta ni ìyá Ìlọrin tó wà ní yàrá kejì á ti kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní ṣé kò sí o. Ìwọ gan-an ò sì ní lè gbà á mọ́ra, abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ni pé kí wọ́n mú jíjí kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó súnmọ́ ìgbà tó sùn jù lọ. Ní ti Ayọ̀, ti aago mọ́kànlá nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ni kó dìde sí i, kì í ṣe ìwọ. Ọmọ tó bá gbóòórùn wàrà lára ìyá rẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ kó béèrè? Kí ó gbé e sí èjìká, kó máa fọwọ́ gbá a nídìí pẹ́pẹ́, kó má tan iná, kó má bá a ṣeré, kó fi ife fún un lómi bó bá fẹ́. Á ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá lọ́jọ́ kejì náà. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti ń ké, kò dá wà. Bí bàbá Ayọ̀ bá ní òun ní iṣẹ́ láàárọ̀, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìwọ ń kọ́?

Èyí tó máa ń mu ní àfẹ̀mọ́júmọ́, fi sílẹ̀ fún un. Ìyẹn ṣe é, ó ṣe ìwọ náà, torí òru ni èròjà tó ń mú wàrà wá máa ń pọ̀ jù lára ìyá. Ní alẹ́, fún un lọ́mú ní pálọ̀ kí o tó wẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ọmú jẹ́ ohun tó kẹ́yìn. Bó bá fẹ́ sùn lọ sórí ọmú, ti ìka rẹ kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀ kí ọmú lè tú sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó gé ọ jẹ (ó ti léyín mẹ́rin!), kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́, kí o fọwọ́ lé e láyà. Lálẹ́ míràn á gbà, lálẹ́ míràn kò ní gbà. Bí eyín bá ń yọ, tàbí ọ̀fìnkìn mú un, pa gbogbo rẹ̀ tì, kí o fún un lọ́mú. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá yá.

Má fi oògùn sùn ún. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà, pé ìdajì ṣíbí oògùn ọ̀fìnkìn, tàbí ti ikọ́, ọmọ á sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oògùn bẹ́ẹ̀ lè dín mímí ọmọdé kù. O ti dàgbà tó láti rántí ọdún 2008, nígbà tí oògùn eyín tí májèlé diethylene glycol wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá tó rà á, kí ara lè tu ọmọ wọn ni wọ́n ṣe rà á. Oyin náà, kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan. Má sì fi fídà sí i lẹ́nu sùn, eyín mẹ́rin yẹn á jẹrà.

Ìyá ọkọ rẹ ní kí o já a lẹ́nu ọmú, kó o máa fi ògì dí i. Má bá wọn jiyàn. Sọ pé, “Ẹ ṣé, Màmá, màá wò ó.” Kí o wá gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ Sátidé kí o lọ sùn. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn, iṣẹ́ ni kí o fún wọn ṣe.

Bó bá jí tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń fa etí, tó ń han-run bí àgbàlagbà tí èémí rẹ̀ ń dúró láàárín, tàbí tí kò tọ̀ bó ṣe ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmú mọ́. Má sì fún un lọ́mú lórí àga pálọ̀ nígbà tí oorun bá ń kùn ọ́, ọmọ lè há sáàárín àga. Orí bẹ́ẹ̀dì sàn jù, láìsí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ti di edé lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ sínú ike, màmá Bọ́lá máa mú un bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ bí wọ́n bá ń wá sí Ifẹ̀. Èmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni Ayọ̀ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ìwọ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Bá mi wá nẹ́ẹ̀tì tí kò ya, kí o so ó kí n tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.