Fíìmù orí òkè tó ń rin ayé, Idanre wa ńkọ́?

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo ń gbé. Ṣé ẹ mọ àjọ̀dún fíìmù orí òkè ti Banff, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà lọ́dún 1976? Tí wọ́n bá ti ṣe é tán lọ́hùn-ún, wọ́n á ṣa àwọn fíìmù kéékèèké tó dáa, wọ́n á wá máa gbé e káàkiri ayé, ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa níbí náà.

Mo mú ọmọ mi obìnrin lọ wò ó. Ọmọge kan ń gun àpáta, kámẹ́rà sún mọ́ ọn débi pé mo rí ẹfun tó fi pa ọwọ́, èékánná ẹ̀ ti ya, ìka méjì péré ló fi di òkúta mú, gbogbo họ́ọ̀lù pa lọ́lọ́, ọmọ mi ti di apá mi mú pinpin. Àyà mi já gan-an!

Ohun tó dùn mí ni pé mi ò rí ilẹ̀ wa rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òkè Idanre ńkọ́, tí àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 600, tí ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè ńbẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ mọ kámẹ́rà lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun òkè yẹn lọ yà á, kó kúrú, kó ní ìtàn nínú, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Èmi ni,
Ìyá Tólú, Sheffield