Ẹ ṣí ọ̀nà ẹ̀bá odò fún wa, ká máa gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀

Ọ̀gá Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síbi tí àwọn tó ń pín owó iṣẹ́ òde á ti rí i, táwọn yẹn ò bá tiẹ̀ rí i, kí àwọn aládùúgbò mi ṣáà rí i. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Mi ò sọ kẹ̀kẹ́ Máruwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, èyí táwọn bàbá wa ń pè ní básíkù. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àti ọ̀rọ̀ odò Ìbàdàn ni, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí pé kí ló kan kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀rọ̀ omíyalé. Ó kàn án gan-an.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún 1980 nígbà tí odò Ògùnpa kún tó ya wọlé, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Òkè-Àdó là ń gbé nígbà yẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí tó léfòó kọjá níwájú ilé wa ni odó ìyá alágbo tó wà lódìkejì, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ìjàpá kan tó ń yí gbirigbiri bíi pé kò wúwo rárá, ìgbà tí ìyá mi rí ọkọ̀ yẹn ló tó gbà pé ká fi ilé sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn rí mọ orin ọ̀rọ̀ yẹn, omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ Ògùnpa tí wọ́n ń fi kọnkéré tẹ́ ẹ, ìjọba kan á ṣe díẹ̀ á lọ, òmíì á dé á ní òun ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún wá di ọjọ́ Jímọ̀ ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, dáàmù Awba inú UI kún bo orí ara ẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ káàkiri ìlú. Ìyẹn ló jẹ́ kí Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́dún 2014 fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn, owó yíyá ni o, àwọn ọmọ wa ló máa san án, wọ́n sì fi ṣe afárá, wọ́n fi ṣe ojú odò, wọ́n fi tún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ojú rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà nìyí. Gbogbo ibi tí èèyàn bá ti mọ òkìtì sétí odò tàbí tó kọ́ dáàmù, ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí katapílà tó fẹ́ wá kó ẹrẹ̀ ò lè fò wọlé, tírọ́ọ̀kù tó fẹ́ gbé àpò iyanrìn wá lóru ọjọ́ tí omi ń bọ̀ ò lè gba inú yàrá ẹnikẹ́ni kọjá. Ọ̀nà yẹn, a ti sanwó ẹ̀. Àmọ́ kí ni à ń fi ṣe? Bí kọńtírátọ̀ bá ti kó irin iṣẹ́ ẹ̀ lọ báyìí, ọdún àkọ́kọ́ koríko ló máa hù síbẹ̀, ọdún kejì ààtàn, ọdún kẹta ẹnì kan á gbé kọ̀nténà síbẹ̀ á ní òun fẹ́ máa ta káàdì, ọdún kẹrin wọ́n á mọ búlọ́ọ̀kù yí kọ̀nténà yẹn ká, tó bá fi máa di ọdún keje ilé alájà méjì ti jókòó sórí sẹ́tìbáàkì, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ilé àti odò, omi wá ń wá ibi tó máa gbà, ó sì bá ọ̀dọ̀ yín lọ. Mo ti rí i kí n tó pé ọgọ́ta ọdún, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí odò kan ṣoṣo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gun kẹ̀kẹ́ mi gba ẹ̀yìn ilé wa níbí, ẹ̀bá ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọnà. Ọ̀nà tí katapílà gbà lọ́jọ́sí ṣì wà, ó ti há ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀rá piọ wọ́tà, páńpásì ọmọdé, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onígbá gbọ̀ngbọ̀nràn, bẹ́ẹ̀dì tó ti jẹrà. Ṣéènì mi bọ́ níbẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ mo ń fi igi to ó padà. Ọmọkùnrin kan ń bọ̀ tó ru àpò ìdọ̀tí, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó rí mi. Ó dúró. Ó ní "ẹ ǹlẹ́ sà", ó yí padà, ó ru àpò náà lọ sí ibi tó ti ń bọ̀. Mi ò bá a sọ nǹkan kan, mi ò tiẹ̀ gbójú mọ́ ọn, ṣéènì ni mò ń to, girísì ti bo ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kàn rí i pé èèyàn wà níbẹ̀ ni. Mo wá rò ó pé ká ní kẹ̀kẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, táwọn ọmọ Poly náà ń fẹsẹ̀ rìn gba ibẹ̀ lọ sí kíláàsì, ta ló máa da ilẹ̀ síbẹ̀? Ta ló máa gbé kọ̀nténà síbẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò ti pariwo? Ṣebí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kì í ṣe àlá mi o. Lóṣù kẹjọ ọdún 2002, oṣù kẹjọ kan náà tó máa ń bá wa jà, odò Elbe ní Jámánì kún débi pé ó wọ ìlú Dresden, ó ga tó mítà mẹ́sàn-án ó lé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà. Nígbà tí wọ́n ń tún òkìtì odò yẹn mọ, wọ́n ń ṣe ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi púpọ̀, ọ̀nà tí tírọ́ọ̀kù àti sójà máa gbà kó àpò iyanrìn wá tí omi bá tún dé. Ọjọ́ tí omi ò bá dé wá ńkọ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí omi ò dé ló pọ̀ jù lọ́dún? Kẹ̀kẹ́ ló ń gba ibẹ̀. Àwọn èèyàn ń kó ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń tẹ̀ lé odò yẹn láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń náwó ní abúlé tí ẹnikẹ́ni ì bá má dé. Àwọn ará Netherlands ní tiwọn, orí òkìtì gangan ni wọ́n ń gun, ọjọ́ ti pẹ́.

Èmi fúnra mi fojú rí ti Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi ń gbé Tottenham, ó ní kí n wá kí òun lọ́dún 2019, ó sì yá mi ní kẹ̀kẹ́ ìyàwó ẹ̀ (kẹ̀kẹ́ obìnrin, kò sí irin láàárín, mo kọ́kọ́ ń tijú). A gba ẹ̀bá odò Lea, ibẹ̀ náà wọ́n gbẹ́ odò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ kí omi lè rí ibi gbà tó bá kún. A dé ibi tí wọ́n ń pè ní Walthamstow Wetlands, adágún omi 10 ló wà níbẹ̀, omi tí Lọ́ńdọ̀nù ń mu ni. Tẹ́lẹ̀, géètì títì pa ni, àfi apẹja tó bá ní ìwé àṣẹ àti àwọn tó ń wo ẹyẹ, oṣù kẹwàá 2017 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rí bàbá arúgbó kan tó ń fi ìwọ̀ pẹja, mo rí obìnrin wa kan tó wé gèlè tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, ó ní "ẹ ǹlẹ́ o" kí n tó là ẹnu. Ẹni tó bá ń sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ máa ba omi mímu jẹ́, kó lọ bi wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù bóyá omi wọn ń rùn. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1942, ohun tó ń ba omi ẹ̀ jẹ́ ni ìdọ̀tí àti gọ́tà tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀, kì í ṣe táyà básíkù.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má rò pé ká ṣáà da ọ̀dà sílẹ̀ ká gé ríbọ́ọ̀nù. Òkìtì omi kì í ṣe títì. Erùpẹ̀ ni, ó sì ní àrùn tiẹ̀. Ọ̀kadà ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí tí táyà ọ̀kadà bá ti gẹ́ ojú ẹ̀, omi òjò á dúró sínú ojú ẹsẹ̀ yẹn, á máa rin wọ inú. Kí wọ́n ri irin mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kó há débi pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló lè gbà á kọjá, kí ọ̀kan nínú irin náà ṣeé yọ, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ omi torí katapílà. Kí wọ́n fi yangí tẹ́ ẹ kí wọ́n rọ́ ọ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ojú ẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sápá ibi tí omi wà, torí tí òjò bá ń ṣàn sí ẹ̀yìn òkìtì, ẹ̀yìn yẹn ló máa fi ya lulẹ̀. Kí wọ́n má gbin máńgòrò sórí ẹ̀ nítorí ibòòji, mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Gbòǹgbò igi tó bá kú, tó jẹrà, ihò ló ń di, omi ò sì nílò ju ihò lọ. Òkété náà ńkọ́? Òkété lè gbẹ́ òkìtì tí gbogbo wa ń sùn lábẹ́ ẹ̀ dé ìdajì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa rí erùpẹ̀ tútù tó kó jáde lóru. Ibi tí dáàmù ti ń tú omi tó bá pọ̀ jù sílẹ̀, kí wọ́n ṣe afárá kékeré sókè ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má gba inú ẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì máa ti ọ̀nà náà pa tí òjò bá ti le.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ta ló tiẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ n'Íbàdàn. Mo ní ẹ wá wo Àpẹ̀tẹ̀ láàárọ̀. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ọmọ iléèwé tó ń wọ ọ̀kadà lọ tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ lójúmọ́, owó oúnjẹ ẹ̀ ló fi ń wọ̀ ọ́. Ó wù wọ́n kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ojú títì ló ń bà wọ́n lẹ́rù, ó ń ba èmi náà lẹ́rù, takisí máíkírà kan gé mi sínú gọ́tà lọ́dún méjì sẹ́yìn, dírẹ́bà náà tún yọrí bú mi pé bàbá, ẹ lọ ra mọ́tò. Ti àwọn jàgùdà, òótọ́ ni, mi ò ní parọ́. Ibi tó dá ni wọ́n ń fẹ́, iná sólà díẹ̀ àti èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ ló máa lé wọn. Ti àwọn ọmọdé tó lè já somi, irin ìdábòbò ni kí wọ́n ṣe síbi tó jìn, ibẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ owó ná rárá.

Ìbéèrè mi ò tóbi. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ẹlẹ́yẹlé sí Àpẹ̀tẹ̀ nìkan, ẹ̀bá adágún yẹn, kí wọ́n wò ó fún ọdún kan ká rí iye ààtàn tó máa kúrò. Tó bá dáa, kí wọ́n máa lọ sí Ògùnpa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògùnpa yẹn le, kòtò kọnkéré ni, ilé sì ti fún un mọ́ra lápá méjèèjì. Dáàmù Aṣéjìrẹ́ lè dúró ná, ẹja ibẹ̀ ò ní sá.

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ rán oníròyìn kan wá kí òjò tó le, kó wá fojú ara ẹ̀ rí ọ̀nà tí mò ń sọ. Kẹ̀kẹ́ kejì wà nílé mi, ti ọmọ mi tó ti lọ sìnrú ìlú ni, bíréèkì ẹ̀ dáa, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ọlọ́gunẹ́rú, Ìbàdàn