Kí O Tó Gun Òkè Ìdànrè

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ilé náà wà bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo gbọ́ pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ lọ gun òkè Ìdànrè nígbà ìsinmi, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Mi ò ní dá ọ dúró. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí ẹ má fi eré gùn ún. Ọ̀pọ̀ a ka àtẹ̀gùn bí ẹni ń ka owó, wọ́n a dé òkè, wọ́n a ya fọ́tò, wọ́n a yára sọ̀kalẹ̀. Wọn ò rí òkè náà rárá, àwọn mìíràn nínú wọn a sì tún máa tiro wálé.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi lílọ yìí sí oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn, eruku rẹ̀ a bo gbogbo ojú sánmà, àwọn òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán a sì wọnú rẹ̀ lọ. Láti òpin oṣù Kẹwàá sí ìdajì oṣù Kọkànlá ló dára jù lójú tèmi. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, oko kòkó tó yí ìlú ká ṣì tutù yọ̀yọ̀, omi díẹ̀ ṣì ń ṣàn lórí àpáta. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ lè débẹ̀ gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti ń gba owó ìwọlé. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, àpáta yẹn a gbóná bí agbada, òkè àti ilẹ̀ ni ooru yóò sì ti máa bá yín.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibùsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ jókòó ní gbogbo wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí kò tilẹ̀ tíì rẹ̀ yín. Bí o kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ, eré ni ò ń sá, dẹ ẹsẹ̀. Àwọn àtẹ̀gùn náà kò ga bákan náà, nítorí náà máa wo ibi tí ò ń tẹ̀. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí o gbé lé e, kí o fi gìgísẹ̀ ti ara rẹ sókè. Ẹni tó bá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan gùn ún, pajápajá ni yóò mú un kí ó tó dé ìdajì.

Omi lítà méjì ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé. Omi inú ọ̀rá mẹ́rin ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ dà á sínú ike, torí ọ̀rá a máa bẹ́ nínú àpò, a sì rin fóònù. Ní ibùsinmi kọ̀ọ̀kan, mu ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin, má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́. Ó yẹ kí ìdajì rẹ̀ ṣẹ́kù nígbà tí ẹ bá dókè. Ẹ mú ẹ̀pà àti ìpékeré dání, iyọ̀ inú wọn ni yóò dípò èyí tó bá òógùn lọ. Ẹ fi iyán sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì sì ń gbé e, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ da omi sí i lórí àti lọ́rùn, ìrìn òkè sì parí fún un lọ́jọ́ náà.

Má wọ bàtà tuntun lọ. Èyí tí o ti ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó léyín, ni kí o wọ̀. Gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ kí o tó kúrò nílé. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, orí bàtà ni wọn yóò máa gbá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àpáta gan-an, tó ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ bá ti kúrò lórí àtẹ̀gùn, ẹ óò rí i pé òkè náà rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Láti àárín, ó tẹ́jú, èèyàn a rìn ín wẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dagun, kò sí ibi tí ó ti dá gẹ́lẹ́ láti kìlọ̀ fún ọ, ìgbà tí o bá fi máa mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ ti ń yọ̀. Nítorí náà, bí o bá ń lọ sí etí, máa bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀ márùn-ún, kí o bi ara rẹ bóyá o lè padà láìfọwọ́kanlẹ̀. Bí kò bá dá ọ lójú, ibẹ̀ ni kí o dúró. Má ṣe rìn sẹ́yìn nítorí fọ́tò láé.

Tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ pẹrẹsẹ lórí àpáta, kí ìṣísẹ̀ rẹ kúrú. Yẹra fún ilà dúdú gbọọrọ tó ń bá àpáta sọ̀kalẹ̀. Ojú omi ni, ohun tó ń hù níbẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú, bí omi bá sì ti kàn án, ó ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Wàá tún rí i pé àpáta náà ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Fi ẹsẹ̀ kàn án jẹ́jẹ́. Èyí tó bá dún bí ohun tó ní ihò nínú, má ṣe gbé ara lé e.

Níbi tí omi tín-ín-rín bá ti ń ṣàn lórí òkúta, bẹ̀rẹ̀, kí o wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n má tẹ̀ ẹ́. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé òkè Ìdànrè nìkan ni a mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé. Lẹ́yìn 1963, kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí àwọn onímọ̀ rí i padà ní 2013. Kì í ṣe inú adágún ni légbénlégbé rẹ̀ ń gbé, inú omi pẹ́lẹ́bẹ́ tó bo ojú àpáta yìí ni. Ẹsẹ̀ kan lè tẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀ pa.

Ìlú àtijọ́ wà lórí òkè. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀, àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Ẹ fi ó kéré tán wákàtí kan síbẹ̀ pẹ̀lú afinimọ̀nà, kí ẹ béèrè kí ẹ tó wọ ibikíbi tàbí ya fọ́tò ojúbọ. Ògiri amọ̀ ni wọ́n, ẹ má fara tì wọ́n.

Má ki ọwọ́ bọ pàlàpálá àpáta, ejò lè wà níbẹ̀. Má fi lọ́fínńdà para lọ́jọ́ náà, nítorí oyin. Bí àrá bá sì ti sán, bó ti wù kó jìnnà tó, ẹ kúrò lórí àpáta gbalasa, ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ máa bọ̀ nílẹ̀.

Sísọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ fi ìdajì agbára yín pamọ́ fún. Ẹ so okùn bàtà le lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ di irin àtẹ̀gùn mú. Orúnkún tó ti rẹ̀ kì í lè dá ara dúró, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣubú jù.

Kí aago mẹ́ta tó lù, kí gbogbo yín ti délẹ̀. Ẹ jẹ iyán yín, kí ẹ sì pè mí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.